Ohùn Aláró Níwájú Etí

"Ta ló fọ àpótí yìí?"

Ìbíyẹmí, obìnrin tó ń ta jìtá agboolé Aláró, gbé àpótí ohùn wọn lé itan, ó ń wò ó bí ìyá tí wọ́n bá fá irun ọmọ rẹ̀ láìgbàṣẹ. Àpótí náà ń dán. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ti dúdú láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn àárọ̀, òórùn ọṣẹ sì ń ti inú rẹ̀ jáde.

"Mo ní ta ló fọ̀ ọ́?"

Ìyá Wúrà, ìyàwó kékeré baálé, tó máa ń pe Ìbíyẹmí ní Adúmáadán, dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́. Ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.

"Èmi ni, Adúmáadán. Èmi àti àwọn ìyàwó ilé. Òní kọ́ la ń lọ síwájú Etí kó lè ṣí omi fún wa ni? Gbogbo agboolé ló máa gbé tiwọn jáde. Ṣé kí tiwa wá dọ̀tí láàárín wọn ni? Òrí inú ẹ̀ ti dúdú, ó ti kó eruku, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀. A fi omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú bó o, a sá a sóòrùn. Ẹ wo bó ṣe ń dán! Ẹ ò tiẹ̀ kí mi kú iṣẹ́."

"Kú iṣẹ́," ni Ìbíyẹmí wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé Ìyá Wúrà gbé kànìnkànìn pamọ́ sẹ́yìn.

Ó ṣí ìdérí. Ó fi ìka méjì mú ohun róbótó kan jáde láàárín àwọn wáyà, ohun tí kò ju ìka ọmọdé lọ, tí wọ́n fi òwú aró dì lórí àti nísàlẹ̀. Kapásítọ̀ ni àwọn ará àtijọ́ ń pè é. Asẹ́ ni àwa ń pè é ní Òkè-Ọsán, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohùn tó bá mú jù nínú jìtá, èyí tó ń gún èèyàn létí bí abẹ́rẹ́, òun ló ń sẹ́ ẹ kúrò, tí èyí tó kù á fi jáde pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó jẹun yó tó wá ń rojọ́. Pépà àti bébà fàdákà tí wọ́n ká pọ̀ ni, òrí sì ni aṣọ rẹ̀. Òrí yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ráàyè dé inú.

Ní báyìí, omi ti dé inú. Asẹ́ náà ti wú, ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, pépà inú rẹ̀ ń já sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tó sè jù.

Ó ki wáyà bọ jìtá, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ta okùn kan. Ohùn náà han gooro, adìẹ tó wà lábẹ́ àga sì sá jáde.

"Yéè," ni Ìyá Wúrà wí. "Ṣé bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"

Bàbá Olúgbódi, baálé Aláró, ló gbọ́ ohùn yẹn láti ìyẹ̀wù rẹ̀ tó fi jáde wá, bùbá rẹ̀ kò tíì délẹ̀ lọ́rùn. Ó wo àpótí, ó wo asẹ́, ó wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ sì sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Ó ní kí àwọn obìnrin jáde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé ó ṣe é tún ṣe?"

"Rárá, Bàbá."

"Ká wá òmíràn?"

"Níbo? Ẹni tó ká eléyìí ti kú kí wọ́n tó bí yín. Èmi lè ká tuntun, mo mọ̀ ọ́n ká. Ṣùgbọ́n tuntun kò ní dún bí èyí. Òrí tó ti mu sínú pépà fún iye ọdún tó ti mu, tèmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Baálé jókòó. "Etí kò ní mọ̀ wá."

"Ó lè má mọ̀ wá."

"Bí kò bá mọ̀ wá, kò ní ṣí ilẹ̀kùn omi wa. Ẹ̀ẹ̀rùn sì rèé. Wọ́n á darí omi Aláró sí agboolé Jagun, torí àwọn ni wọ́n tẹ̀ lé wa nísàlẹ̀ ìsédò. Ìwọ náà mọ bí ẹ̀ẹ̀rùn ayé ìsinyìí ṣe ń rí. Kí òjò tó padà dé, ewúrẹ́ kan ò ní kù nílé yìí. Àwọn ọ̀dọ́ á ti kó ẹrù. Kò sí bí mo ṣe bẹ Etí tó, kò ní dá mi lóhùn."

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ìsédò níbi tí Etí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn agboolé kó tó ṣí omi, wà: OHÙN ÈÈYÀN KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ọmọ pe ìyá rẹ̀ pé kó wá ṣílẹ̀kùn, tí ìyá náà á sì ṣí i fún olè, kò sí ìlú lórí òkè yìí tó tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ mọ́ lórí nǹkan tó bá ṣe pàtàkì. Ìgbà kan wà tí ẹnìkan fi ohùn baálé Aláró gbé omi ilé yìí fún ará ibòmíràn, baálé fúnra rẹ̀ sì wà lórí ẹní, àìsàn ń ṣe é. Ohùn jìtá nìkan ni Etí gbà, ohùn tó gba inú àpótí àtijọ́ kọjá, àpótí tí kò ní ọpọlọ, tí ó jẹ́ wáyà àti òjé àti asẹ́ lásán. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀, àbùkù náà sì ni orúkọ rẹ̀.

Baálé tú kókó etí ṣòkòtò rẹ̀. Ohun dúdú kan tó dà bíi hóró ẹ̀gúsí bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ìbíyẹmí fà sẹ́yìn. "Bàbá! Ẹ̀dà? Nínú ilé Aláró?"

"Rọra. Ọkùnrin kan tó wá láti ìlú ìsàlẹ̀ òkè ló ṣe é fún mi. Ó gba ohùn wa sílẹ̀ lọ́jọ́ tí o ta á níwájú Etí ní ọdún tó kọjá. Ó ní o kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú jìtá ni, ohun yòówù kí o ta, ohùn Aláró ló máa jáde, kò ní fi bíńtín yẹ̀."

"Bí Etí bá mọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á pa orúkọ Aláró rẹ́. Ìwọ kò sì ní fọwọ́ kan okùn jìtá mọ́ títí ayé." Ó wí i láìwo ojú rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé èyí tó ń han gooro yẹn lọ, a ti pàdánù. Bí o bá lo eléyìí, bóyá a máa pàdánù, bóyá a ò ní pàdánù. Ìbíyẹmí ọmọ mi, bóyá yẹn ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ."

Obìnrin náà wo hóró ẹ̀gúsí náà títí. Ó wá nawọ́, ó gbà á, ó jù ú sí àpò bùbá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ká tèmi ná," ló wí.

Ó wá pépà kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tú bébà fàdákà inú páálí bísíkíìtì, ó fi èékánná tẹ́ ẹ títí tó fi dán bí omi. Ó yọ́ òrí sínú ìkòkò kékeré, ó ri pépà bọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó mu ún dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ wọn léra, pépà, fàdákà, pépà, fàdákà, ó wá ń ká wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ká ẹní lẹ́yìn àlejò, àtàǹpàkò rẹ̀ ń ti èyí tó bá fẹ́ yà. Ó fi òwú aró dì í lórí, ó dì í nísàlẹ̀. Kò sinmi, ó tún mú pépà mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Baálé ń wò ó. "Kí ni èkejì wà fún?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Méjì-méjì là ń ká a nílé yìí. Ọ̀kan fún àpótí, ọ̀kan fún ọmọbìnrin ilé tó bá ń relé ọkọ, kó gbé e wọ àpótí ibẹ̀. Àṣà àwọn bàbá yín ni, Bàbá, ẹ sì ń bi mí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Òwú aró ń fì láàárín ìka rẹ̀.

"Bàbá. Èyí tí ọṣẹ bàjẹ́ yìí, ta ló gbé ìkejì rẹ̀ lọ?"

"Ta ni ì bá gbé e? Àbíkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ó lọ fẹ́..." Baálé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú rẹ̀ korò bí ẹni tó jẹ ewúro. "Ó lọ fẹ́ ọkọ ní Jagun. Ṣówándé tó ń ta jìtá wọn, ọmọ rẹ̀ ni. Má wulẹ̀ ronú ibẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí òùngbẹ pa mí ju kí n lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn lọ."

Ìbíyẹmí padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi irin sínú ẹ̀yìnná, ó jó òjé, ó so asẹ́ tuntun mọ́ àyè tó ṣófo. Ó ta okùn. Ohùn náà rẹlẹ̀, ó dùn, ó mọ́. Ó kàn kéré lọ́jọ́ orí ni. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn pe ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì dáhùn.

Nígbà tí oòrùn fi dé agbedeméjì ọ̀run, gbogbo Òkè-Ọsán ti wà ní gbàgede ìsédò. Etí wà lórí òpó òkúta rẹ̀, ó tóbi bí agbada tí wọ́n fi ń dín gàrí, ó dojú kọ àwọn èèyàn, ẹnu omi àwọn agboolé sì tò sí abẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ní títì. Àwọn àgbà ló kọ́ ọ ní èdè nígbà tí wọ́n gbé e débẹ̀, torí náà àgbà ló ń sọ bí i, kì í yára, kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ.

Jagun ló ṣáájú. Ṣówándé fi sùúrù jókòó, ọkùnrin tó sanra, tí ikùn rẹ̀ gbé jìtá dúró bí àga. Ó ta gbólóhùn kan péré. Ohùn náà jáde ní dídì bí oyin inú ìgò, Etí sì ní, "Jagun ni. Ẹ kú ọdún." Ilẹ̀kùn omi wọn là gbàgà, omi rọ́ lọ, àwọn ará Jagun hó yèè.

Ṣówándé kò kúrò lójúkan. Ó fa ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Ìbíyẹmí lè kọjá.

"Ìyá oníjìtá, mo gbọ́ pé ẹ wẹ̀ fún àpótí yín láàárọ̀. Ẹ ò kúkú fi àtíkè sí i?"

Ẹ̀rín bú. Ìyá Wúrà fi ìborùn bojú.

"Ó kù díẹ̀ ká kùn ún létè," ni Ìbíyẹmí dáhùn. "A rántí pé ẹ̀yin lẹ máa wò ó, a ní kò yẹ."

"Ẹ máa yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ mi ti ń gbẹ́ kòtò tí omi yín á gbà wọlé wa."

"Ta ni?" ni Etí béèrè.

Ìbíyẹmí jókòó, ó so wáyà, ó ta gbólóhùn Aláró, èyí tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ mọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn. Ó ta á dáadáa. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò ta á dáadáa.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni Etí wí. "Ó jọ Aláró, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n. Ṣé ohùn mìíràn wà tí ẹ fẹ́ kí n gbọ́?"

Nínú èrò, baálé wú ikọ́. Ó tún wú u. Ìbíyẹmí ti ọwọ́ bọ àpò. Ìka rẹ̀ bá hóró ẹ̀gúsí náà, ó dán, ó tutù, kò sì wúwo rárá. Ó kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú jìtá ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àpò kan náà, ó tún kan ohun mìíràn, asẹ́ kejì tó ká, òrí ara rẹ̀ ṣì ń yọ́ díẹ̀ nítorí oòrùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró láàárín àwọn méjèèjì.

Ó yọ ọwọ́ jáde lófìfo.

"Ohùn mìíràn wà," ló wí, "ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi kọ́ ló wà. Ẹ béèrè ẹni tí mo jọ."

Wúyẹ́wúyẹ́ sọ láàárín èrò. Àwọn arúgbó ń wo ara wọn. Ìbéèrè yẹn wà nínú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti lò ó, nítorí ohun tó so mọ́ ọn.

"Ta ni o jọ?" ni Etí bi í.

"Jagun."

"Jagun, wọ́n pè ọ́ ní ìbátan," ni Etí wí. "Bí o bá kọ̀, ọ̀rọ̀ Aláró parí. Bí o bá gbà, ẹ ó jọ ta á. Bí mo bá rí ìjọra, omi di ti ẹ̀yin méjèèjì. Bí n kò bá rí i, n ó ti ilẹ̀kùn omi ẹ̀yin méjèèjì."

Ṣówándé rẹ́rìn-ín débi pé jìtá ń mì lórí ikùn rẹ̀. "Èmi? Kí n fi omi tí mo ti gbà ta tẹ́tẹ́? Ìyá oníjìtá, ṣé oòrùn ti pa yín ni?"

"Bàbá Ṣówándé, ẹ ṣí àpótí yín."

"Kí n ṣí i fún kí ni?"

"Ohun kan wà níbẹ̀ tó ká bí ẹní. Òwú aró ni wọ́n fi dì í, lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ máa ń fi òrí pa á kí ọyẹ́ tó dé. Ta ló ní kí ẹ máa fi òrí pa á?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. Kò ṣí àpótí. Kò nílò àtiṣí i.

"Ìyá mi ni," ló wí.

"Ta ló bí ìyá yín?"

Ẹnìkan láàárín àwọn ará Jagun kígbe pé, "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn! Ẹ jẹ́ ká máa relé!" Ṣówándé kò wẹ̀yìn. Ìbíyẹmí fa asẹ́ kejì jáde nínú àpò, ó gbé e sókè kó lè rí òwú ara rẹ̀. Aró tó dúdú dáadáa ni. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rántí orin kan.

"Àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń dúdú," ló wí, ó dà bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Aró yẹn kì í kúrò níbẹ̀ láé. Ó máa ń fi pa mí létí." Ó wá gbójú sókè. "Ẹ̀yin ará Aláró, ẹ ò ní bá èèyàn jà kí ẹ má mú ìyá ẹ̀ wọ̀ ọ́!"

Gbogbo gbàgede rẹ́rìn-ín, àti ọ̀tá àti ọ̀rẹ́. Ṣówándé fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Ìbíyẹmí, ó ń kùn bí agbọ́n.

"Bí omi mi bá lọ lónìí, ilé yín ni n ó ti máa wá wẹ̀. Àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ó yá. Èwo la ń ta?"

"Èyí tí wọ́n fi ń sin ọmọbìnrin relé ọkọ."

Ó mọ̀ ọ́n. Báwo ni kò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀, ó ta apá ilé bàbá, apá tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tí kò fẹ́ kúrò lójúde. Ṣówándé gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ta apá ilé ọkọ. Ohùn àgbà ń jáde láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohùn ọmọ láti ọ̀dọ̀ Ìbíyẹmí, wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń jẹ́ ara wọn, títí wọ́n fi bọ́ sí ibi tí wọ́n ti jọ ń ta á pọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà méjì ti di ara wọn lọ́wọ́ mú. Nísàlẹ̀ ohùn méjèèjì, ohun kan náà ń kùn, ó móoru, ó ní hàáhàá díẹ̀, bí ọ̀fun ẹni tó ti ń kọrin láti àná. Ẹni tí kò létí orin pàápàá gbọ́ ọ.

Wọ́n dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ eruku kọjá.

"Mo ti ń gbọ́ eléyìí nínú Jagun láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi síbí," ni Etí wí. "N kò mọ ẹni tó ni ín. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Aláró ni. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ká àwọn méjèèjì. Ọ̀kan dàgbà, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ohùn tó bá padà wá bá mi gẹ́lẹ́ bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá, tí ọdún kò fọwọ́ kàn án níbì kankan, mo mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe sí i. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Aláró bímọ. Ẹ kú ewu ọmọ."

Ilẹ̀kùn omi Aláró là.

Omi náà jáde tòun ti ariwo, ó gbá ewé gbígbẹ níwájú, ó kọ lu ògiri kòtò, ó sì doríkọ ilé. Àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé Ìbíyẹmí, wọ́n gbé jìtá, ẹnìkan tilẹ̀ fẹ́ gbé Ṣówándé, àmọ́ agbára rẹ̀ kò gbé e. Bàbá Olúgbódi nìkan ló dúró lójúkan tí òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ nínú ọyẹ́. Nígbà tí Ìbíyẹmí kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́, ó rọra sọ pé, "Nǹkan mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ."

"Kò sí nǹkan yín lọ́dọ̀ mi, Bàbá. Ẹ̀yìnná ni mò ń gbé e lọ."

Bó sì ṣe délé, inú ẹ̀yìnná tó fi jó òjé ló jù ú sí. Ó yọ́, ó hó, ó rùn, ó tán. Ó wá pe Wúrà, ọmọ baálé, tí ìdána rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fi asẹ́ kejì lé e lọ́wọ́, ó ní kó fi òrí tó pọ̀ sí i, kó sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jìnnà sí i.

"Mo gbọ́ o, Adúmáadán!" ni Ìyá Wúrà kígbe láti ìdí omi, níbi tó ti ń pọn kún gbogbo ohun tó lè gba omi nínú ilé, títí kan odó. "Ṣé torí mo fọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan!"

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn àgbàlá. Ìyá Wúrà lọ ṣí i. Ṣówándé ló dúró síbẹ̀, táwẹ̀lì lọ́rùn, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ojú ń tì í díẹ̀.

Baálé dìde ní àga rẹ̀. "Omi rẹ kò kúkú lọ mọ́."

"Kò lọ. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ níwájú Etí pé n ó wá." Ó wo àyíká àgbàlá, ó wo ìkòkò aró tó ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wò ó pẹ́. "N kò wẹ̀ nílé ìyá mi rí."

Ìyá Wúrà gba ojú ọ̀nà kọjá, ó gbé garawa omi tó kún dẹ́nu sílẹ̀ níwájú àlejò, ó ki ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fi ìyókù ọṣẹ dúdú náà lé e ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ káàbọ̀ sílé, Bàbá," ló wí. "Ó ń fọ nǹkan dáadáa o."